Ọkọ Tó Fọ Igbá Irú

Ọkùnrin kan wà tí òórùn irú ń kó ìtìjú bá. Irú ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe, irú náà ni ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe títí tó fi darúgbó, irú ló sì wà nínú ọbẹ̀ tí ọkùnrin yìí ń jẹ lójoojúmọ́ tó fi ń lá ọwọ́. Kò kórìíra irú o. Òórùn rẹ̀ ni kò fẹ́ kí àlejò bá nílé òun.

Ìyá Ṣíjúadé ni wọ́n ń pe obìnrin náà, nítorí Ṣíjúadé ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ti lọ sílé ọkọ. Ó mọ irú ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Yóò se hóró irú títí yóò fi rọ̀, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, yóò ṣàn án lódò, yóò tún un sè. Lẹ́yìn náà yóò dà á sínú igbá ńlá kan ní gbígbóná, yóò fi ewé bò ó, yóò fi àpò ìdọ̀họ wé e, yóò gbé e sí kọ̀rọ̀ tó móoru, yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Ohun tó kù, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é. Nǹkan kan wà nínú igbá yẹn, nínú àpò yẹn, tí ojú kò rí. Òun ló ń sọ hóró tí kò dùn lẹ́nu di irú.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ọṣẹ fọ igbá irú. Omi lásán ni wọ́n fi ń ṣàn án, wọ́n á wá da ojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Igbá tuntun kì í ṣe dáadáa. Bí ọmọbìnrin bá ń ti ilé onírú lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ kì í ra igbá fún un lọ́jà. Èyí tó ti dàgbà ni yóò gbé fún un, tí inú rẹ̀ ti dúdú, tó ń dán. Bí wọ́n ṣe gbé ti Ìyá Ṣíjúadé fún un nìyẹn.

Wàyí o, wọ́n fi ọkọ rẹ̀ jẹ bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn bàbá ìjọ yòókù wá kí i kú oríire. Wọ́n jókòó, wọ́n ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀kan nínú wọn, baba kan tí ẹ̀fẹ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, bá gbé imú sókè.

"Bàbá Ṣíjúadé, ẹ bá wa wo abẹ́ àga yìí o. Ó jọ pé òkété kan ti kú síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Òkété kọ́, irú ni," ni èkejì wí. "Ìyàwó wọn ló ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ọbẹ̀ tó dùn, kó fún imú rẹ̀ nísinmi."

"Ẹ̀ẹ́n! Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá wá kí wọn nílé ńkọ́? A ó fún àwọn náà ní òwú tí wọn yóò fi dí imú?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àwọn àgbà ni, kò ní ìkà nínú. Ọkọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú mú un débi pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lóòótọ́.

Bó bá ṣe pé ó láyà ni, ìbá bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́. "Ìyá Ṣíjú, ojú ń tì mí nítorí òórùn yìí. Jọ̀ọ́, gbé igbá yẹn lọ sẹ́yìnkùlé." Obìnrin náà ìbá ti gbé e, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó dúró títí ìyàwó rẹ̀ fi lọ sìnkú lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ra omi apakòkòrò, èyí tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dà á sínú igbá náà dé etí, ó sì rẹ àpò ìdọ̀họ sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó fi máa dà á nù, inú igbá náà ti funfun bí eegun. Ẹ̀rù bà á. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó họ dúdú ìdí ìkòkò, ó pò ó mọ́ epo díẹ̀, ó fi pa inú igbá náà títí ó fi dúdú padà, ó sá a sóòrùn, ó gbé e sí ipò rẹ̀, ó sì lọ wẹ̀.

Ẹni tó fi dúdú bo funfun, ó ti mọ̀ pé òun ṣe nǹkan.

Ìyàwó dé, ó gbé irú kaná. Èyí tó sè kò di irú. Kò yọ okùn, kò rọ̀, ó hu ewú bí orí arúgbó. Ó sì ń rùn, kì í ṣe òórùn irú o, òórùn nǹkan tó kú ni. Ó dà á nù, ó se òmíràn. Bákan náà ló rí, ó sì tà díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Ṣíjú, irú yín tàná yẹn, ajá mi gbóòórùn rẹ̀, ó ní òun ń gbààwẹ̀."

Bíṣọ́ọ̀bù náà wá. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó wo ọkọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bàbá Ṣíjúadé, wọ́n sọ fún mi pé ìyàwó yín ló ń ṣe irú tó dáa jù ní gbogbo agbègbè yìí. Kí ló dé tí n kò gbúròó rẹ̀ nínú ọbẹ̀ yìí? Àbí ẹ fi í pamọ́ fún ara yín ni?"

Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ. Ó wọ ilé ìdáná lọ, kò sì jáde títí àlejò fi lọ.

Ní ilé àwọn onírú, ohun tí wọ́n gbà ni pé ọwọ́ ènìyàn ló ń dùn, ọwọ́ ènìyàn náà ló sì ń korò. Láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ṣíjúadé, ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

Ọkọ ní, "Yóò dára. Máa gbàdúrà."

Ó mọ̀ o. Ó mọ̀, ó jókòó tì í, ó ní kó máa gbàdúrà.

Oorun kúrò lójú obìnrin náà. Àyà rẹ̀ ń já ṣáá, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò pẹ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ra kápúsù tó ń pa kòkòrò. Kò sí dókítà tó ní kó rà á. Ẹni tó tà á fún un kò sì bi í ní nǹkan kan. Inú náà rọ̀ díẹ̀, ó tún padà, ọkọ tún lọ ra òmíràn. Èyí pupa, èyí funfun, èyí aláwọ̀ méjì. Obìnrin náà kò tíì kùn tán, ọkọ ti gbé ife omi dé.

"Gbé e mì, Ìyá Ṣíjú. Ẹ̀gbin ló wà níbẹ̀. Jẹ́ kó bá ọ fọ̀ ọ́ jáde."

Ẹ wò ó, ọwọ́ tó fọ igbá náà ló tún ń fọ ikùn. Bẹ́ẹ̀ ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló fẹ́ sọ òótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pè é, obìnrin náà wò ó, ọkọ la ẹnu, ó sì béèrè ibi tí kànrìnkàn tí òun fi ń wẹ̀ wà.

Nígbà tó yá, obìnrin náà kò jẹun dáadáa mọ́. Kò bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó máa ń lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí kò dá iná sí. Kò sunkún, kò bínú, ó kàn wà níbẹ̀ ni, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

Ìyá ọkọ dé láti oko. Ó wò ó, ó ní, "Èyí kì í ṣe ojú lásán." Ó ránṣẹ́ pe wòlíì kan tó ní ilé àdúrà lẹ́yìn odò. Ẹ̀wọ̀n wà ní ilé àdúrà yẹn, gbogbo ìlú ló mọ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, wọn á de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, wọn á fi ebi pa á, wọn á ní ààwẹ̀ ni, títí ẹ̀mí náà yóò fi jáde. Àwọn kan ti ibẹ̀ padà wálé. Àwọn kan kò padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, pálọ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn bàbá ìjọ wà níbẹ̀, ìyá ọkọ wà níbẹ̀, wòlíì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí yóò gbé obìnrin náà jù sínú mọ́tò bó bá kọ̀. Wọ́n mú un jókòó sáàárín. Wòlíì ní kó jẹ́wọ́.

"Ta ló ba ọwọ́ rẹ jẹ́?"

Wòlíì sún mọ́ ọn.

"Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣàdédé bàjẹ́. Kí lo fi ọwọ́ yẹn ṣe?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ fà á lápá. "Sọ ọ́, ìyàwó mi. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ló ń rí ìwòsàn. Ìwọ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣe é láyé."

Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní, "Bóyá èmi ni. Mo ti rò ó títí. Hóró kan náà, omi kan náà, igi ìdáná kan náà. Èmi nìkan ló kù. Bóyá mo máa ń jáde lóru tí èmi fúnra mi kò mọ̀. Bóyá èmi ni àjẹ́ náà. Ẹ máa gbé mi lọ, kí n má baà ba ọwọ́ Ṣíjúadé náà jẹ́."

Ìyá ọkọ ká ọwọ́ lérí.

Ọkọ náà wo àwọn bàbá ìjọ, ó wo ilẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò gbọ́ pé bàbá ìjọ tuntun purọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ń wò ó títí ó fi rù kan eegun. Bó bá dákẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ òun ni yóò gbé obìnrin náà lọ sínú ẹ̀wọ̀n. Ó ṣì ń rò ó, àwọn ọkùnrin méjì yẹn ti di obìnrin náà mú lápá.

"Èmi ni mo fọ igbá náà," ni ọkọ wí.

Wọn kò gbọ́ ọ. Ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Mo ní èmi ni mo fọ igbá irú rẹ̀. Nígbà tó lọ sìnkú. Ojú ń tì mí nítorí òórùn rẹ̀."

Wòlíì fò sókè. "Ẹ rí i bí? Ẹ̀mí náà ti bọ́ sára ọkọ! Òun ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀!"

"Ẹ̀mí kọ́," ni bàbá ìjọ tí ẹ̀fẹ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ wí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. "Wòlíì, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ìyá ọkọ ní, "Igbá wo? Torí igbá?"

Ṣùgbọ́n ìyàwó ti gbé orí sókè. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti mọ́ báyẹn kẹ́yìn. Ó bi ọkọ rẹ̀ bí oníṣẹ́ ṣe ń bi ẹni tó ba iṣẹ́ òun jẹ́: "Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Apakòkòrò."

"Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Òun ni."

"Dúdú ni mo bá a nígbà tí mo dé."

"Dúdú ìdí ìkòkò ni mo fi pa á."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ẹ ti pa ohun tó ń ṣe irú nínú rẹ̀," ló wí. "Ẹ pa á, Bàbá Ṣíjúadé. Ẹ wá jókòó, ẹ ń wò mí."

Ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, lójú ìyá rẹ̀, lójú àwọn bàbá ìjọ. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé obìnrin náà lọ. Dókítà tó bá wọn sọ̀rọ̀ bi wọ́n ní ohun tó ti ń gbé mì. Ọkọ tú báàgì kan sórí tábìlì, kápúsù kún un, òmíràn kò tilẹ̀ ní páálí. Dókítà ní, "Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa fún wọn ní gbogbo ìwọ̀nyí?" Dókítà dá àwọn kápúsù náà dúró, ó ṣàlàyé ohun tó rò pé ó ṣẹlẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà tó ń tọ́jú ìsoríkọ́ àti ìdààmú ọkàn. Kò yá bọ̀rọ̀. Oògùn wà níbẹ̀, ìjókòó sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, oúnjẹ gidi wà níbẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tó dà bí ẹni pé kò ní yá mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń sùn báyìí. Àbúrò rẹ̀ gbé igbá kan tó ti dàgbà fún un, ó sì ti ń ṣe irú padà. Kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wọ kọ̀rọ̀ yẹn. Ọkọ kò béèrè ìdí.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, má wulẹ̀ máa mi orí fún ọkùnrin yẹn. Ikùn rẹ ni igbá náà.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé nínú ìfun rẹ, wọ́n sì pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tó wà láyé lọ. Àwọn kan nínú wọn ń dá àìsàn sílẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, iṣẹ́ rẹ ni wọ́n ń ṣe. Oúnjẹ tí ikùn rẹ kò lè dá lọ̀, àwọn ló ń bá ọ lọ̀ ọ́. Wọ́n ń ṣe àwọn èròjà tí ara ń lò, wọ́n sì ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn burúkú. Kápúsù apakòkòrò kì í ya rere sọ́tọ̀; bó ṣe ń pa burúkú ló ń pa àwọn náà. Iṣan gígùn kan tún wà tó so ikùn mọ́ ọpọlọ, ìròyìn ń gba ibẹ̀ lọ, ó ń gba ibẹ̀ bọ̀. Bí àyà rẹ bá ń já lójoojúmọ́, tí o kò sùn, tí ìdààmú kò jẹ́ kí o sinmi, ara rẹ yóò máa da èròjà ìpayà sínú ẹ̀jẹ̀, ìfun á máa sáré tàbí kó dì pa, ilé á sì dàrú mọ́ àwọn kòkòrò yẹn lórí. Ìròyìn tí wọn yóò wá fi ránṣẹ́ sókè kò ní dáa. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí bó ṣe ń rí gan-an, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé gbogbo ìsoríkọ́ ló ń ti inú ìfun wá. Ti obìnrin yìí, irọ́ ọkọ ló kọ́kọ́ dé, kí kápúsù tó wá bá a nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a máa ń sọ láti kékeré pé inú ń bí wa, inú wa dùn, inú wa bàjẹ́, ó yẹ kí ó ti ta wá lólobó pé ọ̀rọ̀ wà láàárín ikùn àti ọkàn. A ò kàn fẹ́ gbọ́ ni.

Bí dókítà bá yẹ̀ ọ́ wò, tó ní kí o lo oògùn apakòkòrò, lò ó bó ṣe ní kí o lò ó. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń fi kápúsù panu bí ẹ̀pà nítorí pé inú rẹ kùn, tí o tún ń fún ìyàwó, tí o ń fún ọmọ, ta ló rán ọ níṣẹ́?

Ìyẹn ṣì rọrùn láti fi sílẹ̀. Ìtìjú ni kò rọrùn. Ojú ń tì ọ́ láti sọ pé inú ń run ọ́ láti ìgbà tí ọ̀gá rẹ ti ń halẹ̀ mọ́ ọ. Ojú ń tì ọ́ kí aládùúgbò má baà mọ̀ pé ènìyàn kan nílé rẹ ń rí dókítà tó ń tọ́jú ìdààmú ọkàn. Ó tẹ́ ọ lọ́rùn kí wọ́n ní àjẹ́ ni. Àjẹ́ kò dójú tì ọ́, àìsàn ló dójú tì ọ́! Tí o bá ṣe ẹlòmíràn níbi, ojú tún tì ọ́ láti jẹ́wọ́. Ohun tí ìwọ kò jẹ́ fi ẹnu sọ, ẹlòmíràn ló ń fi àìsùn sọ ọ́, tó ń fi inú rírun sọ ọ́, tó ń gbé e kiri bí ẹni pé òun ló ni ín.

O mọ ohun tí o ṣe. Ẹni tó wà nílé rẹ náà ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ṣe. Má pe wòlíì. Má ra kápúsù. Wọlé, jókòó tì í, kí o sọ fún un pé ìwọ ni.